Ọdún Tí Mo Kọ́ Lọ́yà ní Ìrìn

Èmi ni mo kọ́ ajá ilé wa ní ìrìn. Mo ń sọ ọ́ gbangba báyìí nítorí pé àwọn àbúrò mi méjèèjì ti ń fẹ́ bá mi pín in. Bí a bá pàdé nílé lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á ní, "ìgbà tí a kọ́ Lọ́yà." A kọ́ kẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa nígbà náà, èkejì kò lè gba iwájú ajá kọjá láìfi igbe bọnu. Èmi ni mo ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi ni mo ń gé orí ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú àpò aṣọ, ọwọ́ tèmi sì ni okùn bó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo gbọ́n, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́n, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kò jẹ́ kí ara tu àwọn òbí mi. Títí di òní, tí mo ti ní ilé tèmi ní Ọbáńtokò, tí mo sì ti kọ́ ajá mẹ́rin mìíràn, n kò tíì rí ajá tó gbọ́ ẹ̀kọ́ bíi Lọ́yà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹ̀kọ́ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nílé.

Ìjẹmọ̀ ni ilé wa wà, níbi tí ọ̀nà ti ń dagẹ̀rẹ̀ láàárín àpáta, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa á máa wo páànù òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀, á sì mọ ẹni tó sá aṣọ àti ẹni tí kò sá. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, ìdajì wa ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìdajì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti lọ sí Mẹ́kà. Alhaja ni wọ́n ń pè é láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé Láfẹ́nwá, níbi tó ti ta aṣọ títí ẹsẹ̀ fi ní kó sinmi. Ìyá mi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Bàbá mi, tíṣà ìṣirò, ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìkórè bá dé, ó máa ń sin ìyá mi lọ nítorí ìrẹsì ọ̀fadà. Kí n tó la ojú láàárọ̀ ni mo ti ń mọ ohun tí aago wí. Ládàánì á kọ́kọ́ pe ìrun, ìdérí kẹ́tùlù àlùwàlá Ìyá Àgbà á dún lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ ìyá mi á máa ró ṣàà, ṣàà, tí orin ìsìn á sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ ìlọta ìsàlẹ̀ ọ̀nà bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú tí èèyàn ṣì ń sùn, orúkọ tí Ìyá Àgbà á fi jí i kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Àárín ariwo yìí ni bàbá mi mú ajá wọ̀. Wọ́n ti jí adìyẹ wa kó lẹ́ẹ̀mejì, ló bá gba ilé Bàbá Sájẹ́ńtì lọ. Bàbá Sájẹ́ńtì jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ajá nìkan ló ṣe ní gbogbo ìgbà tó fi wọ kákí. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápá ilé ìwé, abo ajá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Akọ ni bàbá mi mú, pupa rúsúrúsú, àyà funfun, àtẹ́lẹsẹ̀ tó tóbi ju ara tó gbé e lọ. Gbogbo ajá àdúgbò wa nígbà náà ló ń jẹ́ Bíńgò, bàbá mi sì ní òun ò ní fi owó òun bọ́ ajá kan kí mẹ́rin máa dá òun lóhùn. Ó sọ tiwa ní Lọ́yà, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ nínú ilé tí kò ní fèsì sí. Bí ìyá mi bá ní kí n lọ pọn omi, Lọ́yà á gbó. Bí bàbá mi bá kí àlejò, Lọ́yà á bá a kí i. Ó gbé bàtà, ó gbé ọṣẹ, ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà já, a sì wá ìlẹ̀kẹ̀ náà lábẹ́ àga títí ó fi ku ẹyọ méjì. Ìyá Àgbà kò lù ú. Ó ní òun kò bá ajá jà, kí ajá ṣáà gba ẹ̀yìnkùlé, kí òun gba iwájú ilé, kí kálukú máa ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni nǹkan bàjẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Ìyá Àgbà ti ṣe àlùwàlá, ó ti wọ aṣọ funfun tó fi ń kí Jímọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Mo tì í, ṣùgbọ́n n kò fi ìkọ́ há a, nítorí mo ń kánjú lọ wo ohun tí ìyá mi ń dín. Lọ́yà fi imú ṣí i. Ó rí Ìyá Àgbà, inú rẹ̀ sì dùn gan-an ni, ó fò mọ́ ọn láyà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ méjèèjì. Ìyá Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn gbì. Kò sí egungun tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ wú. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó tún àlùwàlá ṣe, ó sì ń tiro dé mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n ti tò tán. Òun tó máa ń wà lójú sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, láàárín àwọn obìnrin, ẹ̀gbẹ́ bàtà ló ti kírun lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn àwọn ọmọ tó sọ lórúkọ. Mo mọ̀ pé ìyẹn dùn ún ju orúnkún lọ.

Kò pariwo nígbà tó dé. Bí Ìyá Àgbà kò bá pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù. Lẹ́yìn tí a jẹ láfún tán ní ìrọ̀lẹ́, ó ní, "Gàníyù," bàbá mi ló pè bẹ́ẹ̀, "bóyá mo ti dàgbà jù fún ilé yìí. Ẹ wá ibì kan fi mí sí, kí ajá lè ráyè." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fún mi ní oṣù méjì." Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni Bàbá Sájẹ́ńtì máa ń kó ajá àdúgbò jọ sórí pápá ilé ìwé láti dán wọn wò, èyí tó bá sì yege, á fún un ní bẹ́líìtì pupa tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lọ́rùn. Bàbá mi ní bí Lọ́yà bá yege ìdánwò tó ń bọ̀, tó lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn láìfà á, láìfò mọ́ ọn, ó ń gbé ilé. Bí kò bá yege, Bùọ̀dá Wàsíù á wá fi ọ̀kadà gbé e lọ sí oko lọ́jọ́ náà gan-an. Bùọ̀dá Wàsíù ni àbúrò bàbá mi, ó ń dáko ní ọ̀nà Ìbàdàn. Mo mọ ajá mẹ́ta tó ti lọ sí oko náà. Ejò bu ọ̀kan jẹ, pańpẹ́ mú ọ̀kan, ẹ̀kẹta kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Bàbá mi wá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ tí o kò há ilẹ̀kùn, ìwọ lo máa kọ́ ọ. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Jẹ́ kí tiwa gbọ́." Mo ní, "Ó máa gbọ́, sà." N kò tíì kọ́ adìyẹ rí, kí á má tíì sọ ajá, ṣùgbọ́n kò sí iyèméjì kankan nínú mi.

Ní ọjọ́ kejì mo wà nílé Bàbá Sájẹ́ńtì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń lọ ṣòkòtò kákí rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ ro oko. Ríkúrúùtì ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. "Ríkúrúùtì, gbọ́ mi dáadáa. Ajá kì í fa èèyàn. Èèyàn ló ń jẹ́ kí ajá fa òun. Bó bá ti fà, dúró. Má jà, má pariwo, má bú ìyá rẹ̀. Dúró bí òpó iná. Bí okùn bá dẹ̀, o tún lọ." Ó fi abo ajá rẹ̀ sí apá òsì ara rẹ̀, tí èjìká ajá ń kan orúnkún rẹ̀, ó di okùn mú lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ òsì náà ló fi ń bọ́ ọ. "Híìlì!" ló ń wí, ìyẹn ni pé kí ajá máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ajá á sì gbé orí sókè wò ó bí ẹni tó fẹ́ ṣe àmín àdúrà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí èmi náà ṣe é. Lọ́yà fà mí já igbó ẹ̀fọ́ ìyàwó rẹ̀. Bàbá Sájẹ́ńtì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ọjọ́ méjì péré ló fi kọ́ mi, lẹ́yìn náà òun àti ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀ ní Kuto, wọ́n lọ bá ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní òun á dé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, kí n má jẹ́ kí ojú ti òun.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń ṣe é níwájú ilé. Ìyá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń fi òrí pa orúnkún. Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, okùn dẹ̀, ayọ̀ kún inú mi, mo fi ọwọ́ òsì na ẹja sí Lọ́yà lẹ́nu.

"Àbẹ̀kẹ́! Wá níbí."

Mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ wo lo fi fún un?"

"Òsì, mà."

Ó gbá mi lọ́rùn ọwọ́ òsì náà pàá. "Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ya ẹnu láti sọ pé Bàbá Sájẹ́ńtì ni. Mo tún pa á dé. Ẹni tí wọ́n kò bá tọ́ sí irú ilé wa lè bi mí pé kí ló dé. Nínú ilé wa, ọmọ tó bá gbé ọ̀rọ̀ àgbà kan lọ ko òmíràn lójú, olófòófó ni, ẹni tó fẹ́ da àdúgbò rú ni, ìyà tí wọ́n á sì fi jẹ ẹ́ yóò ju ti ẹni tó jí ẹran lọ. Mo ní, "Kò sí, mà." Ìyá Àgbà ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, o wá ń fi bọ́ ohun tí o fẹ́ kó gbẹ̀kọ́. Ẹ̀dá Ọlọ́hun ni ajá náà. Bí o bá máa kọ́ ọ, kọ́ ọ dáadáa." Bí mo ṣe gbé Lọ́yà sí apá ọ̀tún nìyẹn, kí ọwọ́ ọ̀tún lè máa bọ́ ọ. Lójú mi, kò sí ohun tó yí padà. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ ń jẹ́. Kódà ó rọrùn fún mi jù, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi ló lágbára, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo fi tẹ́ àgbà méjì lọ́rùn láìba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí mo bá rántí bí mo ṣe ń yin ara mi lọ́jọ́ náà, mo máa ń fẹ́ padà lọ fa ara mi létí.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà ti di ọ̀gá wa. Kò sẹ́ni tó yàn án. Bó bá ti kírun àsárì tán, á gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní kí n mú ajá jáde, ṣùgbọ́n kí n má mú un sún mọ́ òun. "Má jẹ́ kó ṣíwájú rẹ! Ta ni àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?" "Dúró. Dúró, mo ní. Ṣé o kò rí i pé ó ń wo adìyẹ?" "Ìyẹn dára. Fún un. Ọ̀tún!" Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe mọ ìgbà tí ojú Lọ́yà fẹ́ kúrò lára mi kí èmi gan-an tó mọ̀. Ogójì ọdún tó fi jókòó ti aṣọ, tó ń wo ojú oníbàárà bóyá ó fẹ́ rà tàbí ó fẹ́ lọ, kò jẹ́ kí ajá lásán fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, láti àtẹ̀gùn dé ẹnu ẹ̀rọ omi ni a lè rìn kí ó tó fà mí. Lọ́sẹ̀ kẹta, a dé iwájú mọ́ṣáláṣí. Òkèlè láfún tó bá kù sí ìdí àwo mi, tirẹ̀ ni. Òjò pa wá, oòrùn pa wá. Nígbà tí oṣù méjì ku ọjọ́ mẹ́rin, mo mú un lọ sí Láfẹ́nwá ní ọjọ́ ọjà. Àwọn awakọ̀ ń pe Kuto, Kuto, ewúrẹ́ ń kọjá, obìnrin kan ń pa ẹja láàyè lórí pákó, orí ẹja sì ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Lọ́yà wo orí ẹja náà. Ó wò mí. Ó fi ẹja sílẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, okùn rọ̀ bí òwú. Ara mi yá gágá. Mo dé ilé, mo sọ fún bàbá mi pé kó ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá Wàsíù kó má wulẹ̀ wá. Bàbá mi ní, "Ó ń bọ̀. Àdéhùn ni àdéhùn."

Àárọ̀ Sátidé ni ìdánwò. Ajá márùn-ún ló wá, mẹ́ta nínú wọn ń jẹ́ Bíńgò, nítorí náà nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ pe ajá rẹ̀, ajá mẹ́ta dìde, Bàbá Sájẹ́ńtì sì fọn fèrè bínú. Ó ti dé láti ìrìnàjò ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kákí rẹ̀ le gbagidi. Ìyá Àgbà wá. N kò retí rẹ̀. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, pẹ̀lú agbòòrùn, ó ní òun kàn ń na orúnkún ni. Láti ibi òpó gólù dé ibi igi máńgòrò ni a máa rìn, a ó yí padà, a ó gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ eegun kọjá, a ó dúró. Ọ̀kan nínú àwọn Bíńgò jẹ eegun náà. Èkejì jókòó sílẹ̀, ó ní òun kò lọ. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó kàn mí, mo mú Lọ́yà jáde, mo fi sí apá ọ̀tún, mo sì gbé orí sókè.

Bàbá Sájẹ́ńtì ní, "Ríkúrúùtì, apá wo nìyẹn?"

Mo wo Lọ́yà, mo tún wo Bàbá Sájẹ́ńtì.

"Ajá sí òsì. O ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti gbìyànjú."

Mo fi Lọ́yà sí apá òsì. Mo ní, "Híìlì!" Ó gba ẹ̀yìn mi yípo, ó lọ dúró sí apá ọ̀tún, ó gbé ojú sókè sí mi, ó ń retí ẹja. Okùn ti wé mi lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo tú u, mo dá a padà sí òsì, mo tún gbéra. Ó tún yípo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta mo fi agbára dì í mú sí òsì, n kò sì lè ṣàlàyé bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi tó ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó fà, ó jà, ó já kọjá níwájú mi tí mo fi ṣubú lulẹ̀. Bí mo ṣe dìde, ó ti wà ní apá ọ̀tún mi, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ṣe gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ.

"Kò yege," ni Bàbá Sájẹ́ńtì wí. Ó bọ̀ wá bá mi. Kò pariwo, ó kàn dà bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ báyìí? Ṣé ohun tí mo fi hàn ẹ́ nìyí?"

Ìyá Àgbà wà níwájú mi, òun náà wà níwájú mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tí kò ní dójú ti ọ̀kan nínú wọn ní gbangba. Mo ń wo ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, mo ń ro ejò àti pańpẹ́. Mo pinnu pé n kò ní sọ. Mo ṣì ń yangàn pẹ̀lú ìpinnu yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà òmùgọ̀ ni mo hù láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni, Sájẹ́ńtì."

Ìyá Àgbà ti kúrò lábẹ́ igi, ó ń tiro bọ̀. "Ọmọ yẹn gbọ́ tìrẹ. Òsì ló fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo gbá a lọ́wọ́, èmi ni mo ní kó lo ọ̀tún, n kò bi í pé kí ló dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì wọ́n. Bí ẹ̀kọ́ bá wọ́, ọwọ́ mi ló ti wọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ti gbé ayé díẹ̀ báyìí, mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbà tó ṣàṣìṣe, mo ti rí àgbà tó dákẹ́ kí ọmọ jìyà rẹ̀. Iye àgbà tí mo rí tó jẹ́wọ́ níta, níwájú ọmọdé, láìsí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn án, kò kún ọwọ́ kan. Ìyá Àgbà ni àkọ́kọ́ wọn. Bàbá Sájẹ́ńtì ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Alhaja. Apá òsì ni òfin wí. Ọ̀tún ni ọlọ́pàá fi ń di ìbọn mú."

Ìyá Àgbà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìbọn dà lọ́wọ́ ọmọ yìí?"

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín, Bàbá Sájẹ́ńtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní bí òun bá gbà á fún ọ̀kan, kí ni òun á sọ fún àwọn tó kù? Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, mo bínú sí i dé eegun. Bàbá mi sún mọ́ wa, ó fi ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀. Wàsíù ti dé ilé."

Ìyá Àgbà ní, "Gàníyù, ta ni ajá yìí ṣẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ta lo bá ṣe àdéhùn?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

"Ó dáa." Ó pa agbòòrùn dé, ó fi lé bàbá mi lọ́wọ́, ó sì na ọwọ́ sí mi. "Mú okùn wá."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Láti ọjọ́ tí Lọ́yà ti wọ ilé wa, Ìyá Àgbà kò fọwọ́ kàn án rí, bí itọ́ ajá náà bá sì kan etí aṣọ rẹ̀, fífọ̀ ni. Mo fún un ní okùn. Ó dì í mú bí èèyàn ṣe ń di ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ sọdá títì. Kò sọ híìlì. Ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ," Lọ́yà sì tẹ̀ lé e. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ẹ̀rù ń bà mí débi pé n kò lè mí, nítorí bó bá fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí Ọba tó lè gbà á sílẹ̀. Kò fò. Ìyá Àgbà ń tiro, ajá tó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró bó bá dúró, ó ń gbéra bó bá gbéra. Okùn kò le lẹ́ẹ̀kan. A gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, a gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọlọ́kadà. Nígbà tí a dé iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àlásàlátù jókòó sí abẹ́ ìbòòji, àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní, "Alhaja, ajá kẹ̀?" Ìyá Àgbà ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ ilé wa ni," kò sì dẹsẹ̀ dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àyà fi ń dùn mí.

Bùọ̀dá Wàsíù wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí a dé, ó ti so agbọ̀n ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ó wo okùn tó wà lọ́wọ́ ìyá náà, ó wo ajá, ó wá wo bàbá mi tó ń gbé agbòòrùn obìnrin bọ̀ lẹ́yìn, kò sì mọ ohun tó yẹ kó bi ẹnikẹ́ni.

"Wàsíù, jókòó kí o jẹun," ni Ìyá Àgbà wí. "Tú agbọ̀n yẹn. O kò ní ẹrù lónìí."

Bàbá mi lọ gbé agbòòrùn kọ́. Ìyá Àgbà fi okùn lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ aṣọ tó ró, tí Lọ́yà ti fara kàn, kúrò, ó sì jókòó ti báàfù lẹ́yìn ilé láti fọ̀ ọ́. Èmi ni mo máa ń fọ aṣọ rẹ̀, nítorí náà mo sáré bẹ̀rẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún mi. Ibẹ̀ ni ẹkún tó ti wà lọ́fun mi láti pápá ti já jáde, mo sì ké é bí ọmọ ọwọ́. Kò bẹ̀ mí. Ó ń fọṣọ lọ, ó ní kí n yé pariwo, kí n lọ bu omi fún ajá, pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.